Sátidé Tí Ó Kan Ọlọ́run

Àwọn ará ilé mi máa ń pè mí ní olófòófó. Irọ́ ni wọ́n ń pa mọ́ mi. Olófòófó a máa gbọ́ ọ̀rọ̀ kí ó lè lọ rò ó fún ẹlòmíràn. Èmi kàn máa ń fẹ́ mọ ìdí ọ̀rọ̀ ni. Bí èrò bá pé jọ sí ẹ̀gbẹ́ títì, ẹsẹ̀ mi a ti yà síbẹ̀ kí n tó rántí ibi tí mò ń lọ. Ọkọ mi tilẹ̀ ní lọ́jọ́ tí wọ́n bá sin mí, màá gbé orí sókè láti wo ẹni tí kò sunkún.

Láti kékeré ni ohun kan ti wà tí mo ń fẹ́ mọ̀, tí ẹnikẹ́ni kò sọ fún mi: kí ni Ọlọ́run máa ń ṣe padà fún àwọn tó ń fún Un ní nǹkan? Inú ṣọ́ọ̀ṣì ni wọ́n bí mi sí. Mo rí àwọn ènìyàn tí wọ́n ń ru iṣu, àgbọn àti adìyẹ wá síwájú pẹpẹ lọ́jọ́ ìkórè. Mo rí ìyá mi tí ó ń fi gbogbo ọ̀sán Sátidé fọ ilẹ̀ ṣọ́ọ̀ṣì nígbà tí ilẹ̀ ilé tiwa ń retí rẹ̀. Mo bi í lọ́jọ́ kan pé, “Màámi, ìgbà wo ni Ọlọ́run máa wá fọ ilẹ̀ tiwa?” Etí mi ló gbá. Mo dákẹ́, ṣùgbọ́n ìbéèrè náà kò kúrò nínú mi.

Ìgbà tí mo di ìyàwó ilé ní Ìkòsì ni mo tó pàdé ẹni tí ó gbé irú ìbéèrè yẹn dìde lójú gbogbo ìjọ, tí kò sì sí ẹni tí ó lè gbá a létí. Bàbá ọkọ mi ni.

Ọdún díẹ̀ lẹ́yìn tí náírà dé ni a ṣègbéyàwó. Ọkọ mi ń ṣiṣẹ́ ní ilé iṣẹ́ kan ní Ìkẹjà, iṣẹ́ tí kì í jẹ́ kí ó sinmi àfi ọjọ́ Sọ́ńdè. Èmi ń ránṣọ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ilé bàbá rẹ̀ la ń gbé. Nígbà náà, bí o bá ti yà kúrò ní títì Ìkòròdú tí o forí lé Ìkòsì, oko ẹ̀gẹ́ ni wàá kọ́kọ́ rí, lẹ́yìn náà àwọn ilé amọ̀ onípáànù, tí àwọn ilé búlọ́ọ̀kù titun ń dìde láàárín wọn níkọ̀ọ̀kan. Bàbá ọkọ mi kórìíra àwọn ilé búlọ́ọ̀kù yẹn. Ògiri amọ̀ mímọ ni ó fi ìgbà èwe rẹ̀ ṣe, kò sì sí ilé àtijọ́ kan ní àdúgbò tí kì í nawọ́ sí pé, “Ọwọ́ mi wà níbẹ̀ yẹn.” Bí a bá kọjá níwájú ilé tí wọ́n fi sìmẹ́ńtì rẹ́, yóò yọ ṣùtì sí i. “Ilé tí kì í mí. Ooru ni yóò pa wọ́n síbẹ̀.” Agídí rẹ̀ kò kéré, ó fẹ́ràn ìyìn, bí o bá sì bá a jiyàn, kò ní jẹ́ kí o lọ títí wàá fi gbà fún un. Bí o bá ti wá gbà fún un tán, yóò bu ẹja inú àwo tirẹ̀ fún ọ.

Ilé tirẹ̀ náà ti ń darúgbó. Ògiri ẹ̀yìn yàrá tí èmi àti ọkọ mi ń sùn ni ó burú jù. Omi òjò láti àgbàlá kejì ti ń jẹ ẹsẹ̀ rẹ̀ láti ọjọ́ pípẹ́. Ó fì sí ìta, ó sì là láti òkè wá sí ìdajì. Wọ́n ní bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò lè ráyè wọ ibẹ̀. Tiwa ti lanu, aláǹgbá ti wọlé, ó tilẹ̀ ti bímọ síbẹ̀. Oyún wà nínú mi nígbà náà. Bí mo bá jí lówùúrọ̀, ihò yẹn ni màá kọ́kọ́ wò bóyá ó ti fẹ̀ sí i, kí n tó wo ojú ọkọ mi. Ẹ̀rù ń bà mí gan-an. Bí òjò ńlá bá bá ògiri náà bẹ́ẹ̀, yóò wó, páànù yóò sì já lé wa lórí.

Ọkọ mi fẹ́ wá bíríkìlà. Bàbá kọ̀ jálẹ̀. Ó ní kò sí bíríkìlà tí yóò fi sìmẹ́ńtì kan ògiri tí òun fi ọwọ́ ara òun mọ nígbà tí ìyá ọkọ mi ṣì jẹ́ ìyàwó titun nínú ilé náà. Òun fúnra òun ni yóò wó o, òun ni yóò sì tún un mọ. Ṣùgbọ́n ẹnì kan kì í dá ògiri amọ̀ mọ. Ẹni tí yóò máa pọnmi gbọ́dọ̀ wà, àti ẹni tí yóò máa fẹsẹ̀ tẹ amọ̀, àti ẹni tí yóò máa jù ú sókè fún ẹni tí ń mọ ọ́n. Láyé ijọ́un, àáró ni wọ́n fi ń ṣe é. Bí gbogbo ẹgbẹ́ bá ṣiṣẹ́ nílé tìrẹ lónìí, ilé ẹnì kejì ló kàn, lẹ́yìn náà ti ẹnì kẹta, títí yóò fi kárí. Ẹni tí iṣẹ́ bá kàn ni yóò bọ́ àwọn yòókù. Kò sí owó níbẹ̀, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí ó jẹ́ já àáró, nítorí ẹni tí ó bá já a, òun nìkan ni yóò máa bá iṣẹ́ ara rẹ̀ jà títí ayé. Àwọn tí Bàbá bá ṣe é ti kú tán. Òun ló gbẹ̀yìn nínú ẹgbẹ́ náà, ilé tirẹ̀ ló sì kàn.

Bí ọ̀rọ̀ ògiri wa ṣe wà nìyí nígbà tí Tíṣà gun àga ìwàásù.

Tíṣà ni a ń pe olùkọ́ ìjọ wa, ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ rán wá láti ilé ẹ̀kọ́, ohùn rẹ̀ dùn, ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀ kì í sì dọ̀tí. Àtíbàbà ọparun àti imọ̀ ọ̀pẹ ni ṣọ́ọ̀ṣì wa nígbà náà. Ní Sọ́ńdè kan nínú ẹ̀ẹ̀rùn, ó wàásù pé àkókò tó láti kọ́ ilé gidi. Ó ní ìríjú ni gbogbo wa. Àkókò tí a ní, ẹ̀bùn tó wà lọ́wọ́ wa, owó tó wà lápò wa, Ẹlòmíràn ló ni wọ́n, a kàn ń bá A tọ́jú wọn ni. Mo nà ró lórí ìjókòó mi. Ṣùgbọ́n mo rí i pé ọ̀rọ̀ ìríjú yẹn kò wọ àwọn àgbàlagbà létí. Tíṣà náà rí i. Ó dúró díẹ̀, ó wá ọ̀rọ̀ tí wọn yóò mọ̀.

“Ẹ̀yin bàbá, ẹ̀yin ìyá, ṣebí ẹ mọ àáró? Àáró ni ká bá Ọlọ́run ṣe. Òun náà wà nínú ẹgbẹ́ wa. Ilé Rẹ̀ ló kàn báyìí. Ẹ má fòyà, kì í já àáró!”

Gbogbo àtíbàbà pariwo, “Àmín!” Bàbá ọkọ mi, tí ó máa ń tòògbé láti ìgbà tí wọ́n bá ti ka ẹ̀kọ́ kejì tán, la ojú rẹ̀ sílẹ̀ kedere. Kò ṣe àmín. Ó kàn ń wo Tíṣà bí ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ bá dá ọ̀rọ̀ òwò.

Nílé wa, olúkúlùkù mú nǹkan tirẹ̀ lọ. Ọkọ mi ń yọ owó nínú owó oṣù rẹ̀. Èmi gbà láti rán aṣọ àwọn akọrin, ọkọ mi sì ní kí n má fi etí sí ọ̀rọ̀ wọn nígbà tí mo bá ń wọn èjìká wọn. Mo fi sí i. Bàbá lọ bá Tíṣà, ó ní ẹ̀bùn tòun ni ògiri mímọ. Tíṣà dúpẹ́ púpọ̀, ó wá ṣàlàyé pé búlọ́ọ̀kù ni ìgbìmọ̀ fẹ́, bíríkìlà sì ti wà. Mo rò pé ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ náà máa parí sí, pé Bàbá yóò bínú padà wálé, kò sì ní bá wọn dé ọ̀dọ̀ búlọ́ọ̀kù kankan. Ó bínú lóòótọ́. Ó bínú títí ó fi jẹun alẹ́ tán. Ṣùgbọ́n nígbà tí Sátidé dé, ó mú garawa, ó lọ bá wọn pọnmi.

Gbogbo Sátidé ni ó ń lọ. Omi ni, yanrìn ni, orí ni ó fi ń rù ú, orúnkún rẹ̀ a sì máa dùn ún tí yóò bá dé, tí màá fi omi gbígbóná bá a tẹ̀ ẹ́. Bí ó ṣe ń ru yanrìn náà ni ó ń fi búlọ́ọ̀kù ṣe yẹ̀yẹ́; bíríkìlà ti gbọ́ ọ títí, kò jẹ́ dá a lóhùn mọ́. Mo bi í lọ́jọ́ kan pé, “Bàbá, kí ló dé tí ẹ ń pa ara yín lórí ilé tí kì í mí?”

“Ìyàwó, àáró ni. O kì í lọ sí ibi àáró kí o máa yan irú ilé tí onílé yóò kọ́.”

Mo rò pé ọ̀rọ̀ àgbà lásán ni. Mi ò mọ̀ pé ó ń ka Sátidé rẹ̀.

Wọ́n kan páànù sórí ṣọ́ọ̀ṣì náà nígbà tí ìkùukùu òjò àkọ́rọ̀ ti ń ṣú. Ní Sọ́ńdè ìdúpẹ́, lẹ́yìn tí wọ́n ṣe ìfilọ̀ tán, Bàbá dìde lórí ìjókòó rẹ̀. Ó tún fìlà rẹ̀ ṣe lọ́wọ́.

“Tíṣà, ẹ kú iṣẹ́. Ilé Ọlọ́run ti parí, ó sì dára bó tilẹ̀ jẹ́ búlọ́ọ̀kù. Ẹ bá mi sọ fún Un pé Sátidé tó ń bọ̀ yìí, ilé tèmi ló kàn. Kí Ó má jẹun wá o. Ìyàwó ọmọ mi yóò se oúnjẹ.”

Gbogbo ìjọ bú sẹ́rìn-ín. Obìnrin kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi rẹ́rìn-ín títí gèlè rẹ̀ fi tú. Tíṣà náà rẹ́rìn-ín, ó ní, “Ọlọ́run yóò ṣe é, Bàbá,” bí a ti í sọ fún ẹnikẹ́ni tó bá sọ ohunkóhun. Bàbá jókòó. Èmi ni mo yíjú wo ojú rẹ̀, mo sì rí i pé kò rẹ́rìn-ín. Ọkọ mi ti sorí kọ́, ó ń wo bàtà rẹ̀.

Nígbà tí a délé, ọkọ mi bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀. “Bàbá, ẹ jọ̀ọ́ sà. Ìwàásù lásán ni Tíṣà ń ṣe nígbà yẹn.”

“Ìwàásù kì í ṣe òótọ́ ni?”

“Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n kì í ṣe irú òótọ́ yẹn.”

“Irú òótọ́ mélòó ni ẹ ní ní ṣọ́ọ̀ṣì yín?”

Ọkọ mi wọ yàrá lọ. Kí n sọ ti ọkàn mi, mi ò tilẹ̀ mọ ẹ̀yìn ẹni tí mo wà. Mo fẹ́ kí a tún ògiri mi mọ, n kò bìkítà ẹni tí yóò mọ ọ́n. Ṣùgbọ́n mo tún ń fẹ́ rí ohun tí Ọlọ́run yóò ṣe nígbà tí ènìyàn bá pè É síta gbangba bẹ́ẹ̀, tí ó dá ọjọ́ fún Un, tí ó sì sọ pé oúnjẹ wà.

Kí ọ̀sẹ̀ náà tó parí, Bàbá wó ògiri náà. Kò bá ẹnikẹ́ni sọ. Mo ti ọjà dé, mo bá a tí ó fi igi ọparun ti páànù sókè, tí yàrá mi sì ṣí sílẹ̀ gbayawu. Láti oko ẹ̀gẹ́ lẹ́yìn ilé, ènìyàn lè rí ibùsùn wa àti aṣọ tí mo fi kọ́ sára ìṣó. Mo ké. Mo sunkún pẹ̀lú. A kó ẹrù wa sí pálọ̀. Ọkọ mi kò bá bàbá rẹ̀ sọ̀rọ̀ mọ́ títí di ọjọ́ Sátidé. Bí òjò bá dé báyìí, kì í ṣe ògiri kan ni yóò bá lọ, gbogbo ilé ni.

Láàárọ̀ Sátidé, ọkọ mi lọ síbi iṣẹ́ láìwẹ̀yìn. Kí n tó dáná, Bàbá ti wà lẹ́yìn ilé tí ó ń tẹ amọ̀. Ó ti ní kí n se ẹ̀wà kún ìkòkò ńlá, kí n ra ẹja lọ́wọ́ àwọn obìnrin Agbóyì, kí n dín in, kí gàrí má wọ́n. Nígbà tí mo ní, “Bàbá, ẹ̀wà yìí pọ̀,” ó ní, “Ṣé ìwọ lo fẹ́ ka àwọn ènìyàn Rẹ̀ fún Un ni?” Mo se é. Mo to àwo sórí bẹ́ǹṣì. Bàbá wẹ ẹsẹ̀ rẹ̀, ó jókòó sórí àpótí lẹ́gbẹ̀ẹ́ amọ̀ rẹ̀, ó kọjú sí ọ̀nà.

Kò sí ẹni tó wá.

Oòrùn gòkè. Mo ṣí ìkòkò wò, mo dé e padà. Ìyá alálùbọ́sà tí ilé rẹ̀ kángun sí tiwa ń kọjá lọ sí ìsọ̀ rẹ̀ ní Kétu, òórùn ẹja dá a dúró. Mùsùlùmí ni, obìnrin gàgàrà tí kì í fi ọ̀rọ̀ sábẹ́ ahọ́n.

“Ìyàwó, ṣé ẹ ń ṣe nǹkan ni, tí ẹ kò pè mí?”

Mo ṣàlàyé fún un. Ó wo ìkòkò, ó wo àlàfo ibi tí ògiri mi wà tẹ́lẹ̀, ó wo Bàbá lórí àpótí.

“Ọlọ́run tí Bàbá ń dúró dè yìí, ṣé èyí tí mo mọ̀ náà ni?”

“Òun kan náà ni, Mà.”

“Háà,” ni ó wí, ó sì bá ọ̀nà rẹ̀ lọ. Kò fi wá rẹ́rìn-ín, ìyẹn gan-an ló dùn mí jù. Inú bẹ̀rẹ̀ sí í bí mi sí gbogbo ìjọ, láti orí ẹni tí gèlè rẹ̀ tú títí dé orí àwọn akọrin tí mo rán aṣọ fún. Omi tí orúnkún Bàbá gbé ni wọ́n fi po sìmẹ́ńtì tí wọ́n ń jókòó lé. Mo ní bí ó bá di Sọ́ńdè, màá bá wọn wí i.

Ìgbà náà ni mo rí ṣẹ́ẹ̀tì funfun tí ń bọ̀ lọ́nà. Tíṣà ni, Bíbélì rẹ̀ wà lábẹ́ abíyá, ó ti lọ ṣòkòtò rẹ̀ dáadáa. Mo wo ẹ̀yìn rẹ̀. Kò sí ẹlòmíràn. Ẹnì kan péré! ni mo wí nínú ara mi, irú ìjákulẹ̀ tó mú mi, ẹkún ló kù.

Bàbá dìde. “Tíṣà, ẹ káàbọ̀. Ta ló rán yín wá?”

Tíṣà la ẹnu. Mo mọ̀ pé ó ti to ọ̀rọ̀ rẹ̀ láti ilé, nítorí ó ti gbé ọwọ́ sókè bí ó ti í gbé e bí ó bá fẹ́ ṣàlàyé ẹsẹ Bíbélì. Ó rí yàrá tó ṣí sílẹ̀. Ó rí ìkòkò ńlá náà, ó rí àwọn àwo tí mo tò. Ó wo ikùn mi. Ọwọ́ rẹ̀ rọra sọ̀ kalẹ̀.

“Ẹni tí ẹ bá ṣiṣẹ́ ló rán mi, Bàbá.”

“Iṣẹ́ wo ló ní kí ẹ jẹ́?”

Tíṣà wo amọ̀ tó wà nílẹ̀. “Ó ní kí n wá bá yín mọ ògiri.”

Bàbá wò ó láti orí dé ẹsẹ̀ bí ẹni tí ń wo ewúrẹ́ tó fẹ́ rà lọ́jà. “Ó dáa. Bọ́ bàtà rẹ.”

Mo gbọ́ “rẹ” yẹn. Láti ọjọ́ tí Tíṣà ti dé ìjọ wa, “ẹ” ni Bàbá ń fi kí i nítorí ipò rẹ̀. Bí ó ti fẹ́ bọ́ sínú amọ̀ báyìí, ó ti di ọmọ iṣẹ́. Tíṣà gbé Bíbélì lé mi lọ́wọ́, ó ká ṣòkòtò sókè, ẹsẹ̀ rẹ̀ kò sì tíì dé àárín amọ̀ tí ó fi yọ̀ ṣubú. Mo fi Bíbélì bo ẹnu mi, ẹ̀rín ń pa mí kú.

Kò mọ̀ ọ́n ṣe rárá. Bí Bàbá bá ní kí ó ju amọ̀, yóò gbé e wá tìrọ̀rùntìrọ̀rùn. “Ọmọ ọwọ́ kọ́ ni o gbé! Jù ú!” Bí ó bá jù ú, àyà Bàbá ni yóò ti bà. Bàbá bú u, ó bú olùkọ́ tó kọ́ ọ, ó bú búlọ́ọ̀kù pẹ̀lú. Mi ò rí i kí inú rẹ̀ dùn tó bẹ́ẹ̀ rí. Nígbà tí wọ́n fi máa sinmi, amọ̀ tí Bàbá tẹ̀ láàárọ̀ ti tán, ògiri náà kò sì tíì dé ìdajì ìpele àkọ́kọ́. Wọ́n jẹun. Ohun tí wọ́n jẹ kò hàn lára ìkòkò.

Ìkòkò yẹn ni mo ń wò tí Ìyá alálùbọ́sà fi padà dé láti Kétu, àwọn alábàárù rẹ̀ tẹ̀ lé e, àwọn géńdé Hausa tí wọ́n ru àpò àlùbọ́sà tí kò tà wálé fún un. Kí ẹ̀wà má baà kan ni mo ṣe pè wọ́n. Wọ́n jókòó, wọ́n jẹ ẹ́ dáadáa, ẹja náà kò ṣẹ́kù. Nígbà tí Ìyá alálùbọ́sà jẹ tirẹ̀ tán, ó fọ ọwọ́, ó wo Tíṣà tí amọ̀ ti bò dé irun, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í di ìró rẹ̀ le.

“Ìyàwó, ṣebí o ní oúnjẹ àáró ni?”

“Òun ni, Mà.”

“Kò kàn mí láàárọ̀ nítorí mi ò tíì jẹ ẹ́. Nílé bàbá mi, ẹni tó bá jẹ oúnjẹ àáró, ó ti wọ ẹgbẹ́ nìyẹn.” Ó yíjú sí àwọn alábàárù, ó fi Hausa bá wọn sọ ọ́, ó fi ọwọ́ júwe ìkòkò, ó júwe ògiri. Wọ́n wo ara wọn, wọ́n bú sẹ́rìn-ín, wọ́n ká ṣòkòtò.

Wọ́n tẹ amọ̀ titun, wọ́n jù ú bí ẹni ń ju ọsàn. Bàbá kò rí ẹni bú mọ́ àfi Tíṣà. Kí oòrùn tó rọ̀, ìpele àkọ́kọ́ ti yí àlàfo náà ká láti igun dé igun. Àwọn géńdé náà fi omi tó kù nínú àmù ṣe àlùwàlá, wọ́n kírun lẹ́yìn ilé wa, Tíṣà sì dúró jẹ́ẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan títí wọ́n fi parí. Bẹ́ẹ̀ ni ọkọ mi bá wa nígbà tí ó ti ibi iṣẹ́ dé. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà. Lẹ́yìn náà ó bọ́ ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀, ó gba igbá amọ̀ lọ́wọ́ bàbá rẹ̀, bí wọ́n sì ṣe parí ìjà wọn nìyẹn.

Ìpele amọ̀ kan gbọ́dọ̀ gbẹ kí a tó gbé òmíràn lé e. Nítorí náà, Sátidé tó tẹ̀ lé e náà tún jẹ́ ti Bàbá, àti èyí tó tẹ̀ lé ìyẹn. Ìròyìn ti lọ káàkiri pé Tíṣà àti àwọn alábàárù jọ wà nínú amọ̀ nílé Bàbá. Àwọn ará ìjọ bẹ̀rẹ̀ sí í wá. Ojú ti àwọn kan. Àwọn kan wá wòran lásán, irú tèmi, ṣùgbọ́n Bàbá kì í jẹ́ kí ènìyàn dúró wòran kí ọwọ́ rẹ̀ gbẹ. Àwọn mìíràn kò wá rárá, wọ́n sì ń kí wa ní Sọ́ńdè bí ẹni pé kò sí ohun tó ṣẹlẹ̀. Òjò wẹ́ẹ́rẹ́wẹ́ẹ́rẹ́ kan bá wa lẹ́ẹ̀kan, a fi ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ bo orí ògiri. Nígbà tí òjò ńlá dé, páànù ti jókòó lé e. Inú yàrá yẹn ni mo gbé ọmọ mi wá láti ọ̀dọ̀ àwọn agbẹ̀bí. Bí o bá fi ọwọ́ pa ògiri náà nísàlẹ̀, wàá mọ ibi tí Tíṣà mọ. Ó wú síta bí ikùn mi nígbà náà.

Tíṣà kò pẹ́ púpọ̀ lọ́dọ̀ wa mọ́, wọ́n gbé e lọ sí ìjọ mìíràn. Nígbà tí ó wá dágbére, mo bi í bóyá ọ̀rọ̀ mìíràn ló tò wá sílé wa lọ́jọ́ àáró yẹn. Ó rẹ́rìn-ín, ó jẹ́wọ́ pé òótọ́ ni mo rí: àlàyé ni òun bá wá lọ́jọ́ náà, pé kí Bàbá má bínú, pé àpèjúwe ni àáró tí òun wí. “Nígbà tí mo ní Ọlọ́run ló rán mi, Àǹtí, ṣé irọ́ ni mo pa àbí òótọ́ ni mo sọ? Mo ṣì ń rò ó.” Mo ní èmi náà ń rò ó.

Ó ku ẹnì kan tí mi ò tíì bi. Ní òwúrọ̀ kan, Bàbá fẹ̀yìn ti ògiri titun náà, ó gbé ọmọ mi lé itan, ó ń júwe fún un pé ọwọ́ òun wà níbẹ̀ yẹn. Mo jókòó tì í.

“Bàbá, mo fẹ́ bi yín ní nǹkan. Ẹ má bínú. Oúnjẹ tí ẹ ní kí n se lọ́jọ́ àáró yẹn, gbogbo àdúgbò lè jẹ ẹ́ kí ó ṣẹ́kù. Ṣùgbọ́n amọ̀ tí ẹ tẹ̀ sílẹ̀ láàárọ̀ kí ẹnikẹ́ni tó dé, mo rí i. Kò ju èyí tí ènìyàn méjì lè mọ tán. Ta ni ẹ ń retí gan-an?”

Ó wo ẹnu ọ̀nà bóyá ẹnì kan wà nítòsí.

“Ìwọ àti ojú rẹ yìí,” ni ó wí. “Ọlọ́run ni mo fi wọn oúnjẹ. Ènìyàn ni mo fi wọn amọ̀.”

Ó gbé ọmọ lé mi lọ́wọ́, ó fi ògiri gbé ara rẹ̀ dìde nítorí orúnkún rẹ̀, ó sì lọ mú ọkọ́ rẹ̀ lẹ́yìn ilẹ̀kùn. Sátidé ni. Koríko ti ga yí ṣọ́ọ̀ṣì ká, ilé Ọlọ́run ló sì tún kàn.